Ìpè Tí Ń Jí Ẹran Itan

Láti ìgbà tí ojúmọ́ bá ti mọ́ títí di ìgbà tí àgbàlagbà yóò fi nà gbalaja sórí ẹní rẹ̀ lálẹ́, bóyá ni ẹ̀yà ara kan wà tí a ń rán níṣẹ́ tó itan, tí a kì í sì í kí i kú iṣẹ́. Òun ni ìyàwó ilé fi ń kúnlẹ̀ kí àna, òun ni ọmọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ fi ń dìde nílẹ̀ nígbà tí àgbà bá ti súre fún un tán, òun ni ìyá àgbà fi ń lóṣòó ti ààrò kí ó lè fẹ́ iná, òun náà sì ni oníjó bàtá fi ń tẹ orúnkún wálẹ̀ tí ó tún fi ń fò sókè lójú agbo, láìjẹ́ pé ó ronú kàn án rárá. Ó di ọjọ́ tí ènìyàn bá fẹ́ dìde lórí àpótí kékeré, tí ó sì bá ara rẹ̀ níbi tí ó ti ń fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, kí ó tó mọ̀ pé àwọn kan wà nínú ara òun tí wọn kò jẹ́ ìpè mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìpè yìí gan-an ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé agbára ẹsẹ̀ kò ju pé kí itan tóbi lọ, pé ẹni tí itan rẹ̀ bá ti kún inú ṣòkòtò ti di alágbára nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó fi ọjọ́ ayé wọn wádìí ẹran ara ti fi hàn wá pé bí ẹran ti pọ̀ tó jẹ́ apá kan ọ̀rọ̀, pé apá kejì ni iye tí ọpọlọ lè pè jáde nínú ẹran náà nígbà tí iṣẹ́ bá dé, àti pé ìdárayá kọ̀ọ̀kan ní àwọn tí ó ń jí, ó sì ní àwọn tí ó ń fi sílẹ̀ lójú oorun.

Ẹran iwájú itan pín sí mẹ́rin. Mẹ́ta nínú wọn lẹ̀ mọ́ egungun itan fúnra rẹ̀: vastus lateralis wà ní ẹ̀gbẹ́ òde, vastus medialis wà ní ẹ̀gbẹ́ inú, òun sì ni ó máa ń yọ gọ́ńgọ́ lókè orúnkún lára àwọn agbábọ́ọ̀lù, nígbà tí vastus intermedius fara pamọ́ sábẹ́ àwọn yòókù. Ẹ̀kẹrin ni rectus femoris, òun nìkan ni kò bẹ̀rẹ̀ lára egungun itan. Ara egungun ìbàdí ni ó ti sọ̀ kalẹ̀, tí ó gba ojú itan kọjá, tí ó sì bá àwọn mẹ́ta yòókù pàdé nínú iṣan líle kan ṣoṣo, èyí tó gbé ọmọrí orúnkún sínú, tí ó sì lọ so mọ́ egungun ojúgun. Nítorí èyí, iṣẹ́ méjì ni rectus femoris ń ṣe: ó ń na orúnkún, ó sì ń gbé itan sókè síwájú. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà kàn án. Lẹ́yìn itan, ẹran mẹ́ta ni ó sọ̀ kalẹ̀ láti ara egungun tí a fi ń jókòó, tí wọ́n ń ká orúnkún tí wọ́n sì ń na ìbàdí. Nínú itan, láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, àwọn kan wà tí ń fa itan kan mọ́ èkejì, èyí tó tóbi jù lọ nínú wọn sì tún jẹ́ olùrànlọ́wọ́ ńlá fún ẹni tó bá ń dìde nílẹ̀. Sartorius ni mo fi kún un nítorí pé òun ni ó gùn jù lọ nínú gbogbo ẹran ara ènìyàn: ó dábùú itan láti ìbàdí lóde títí dé abẹ́ orúnkún nínú.

Nígbà tí ènìyàn bá pinnu pé òun fẹ́ dìde, láti òkè ọpọlọ ni iṣẹ́ ti ń bọ̀, tí yóò gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ dé agbègbè ìbàdí, níbi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pàṣẹ fún itan gbé wà. Láti ibẹ̀ ni okùn iṣan ńlá kan ti gba ibi tí ikùn gbé pàdé itan wá síwájú itan, tí òmíràn, tó nípọn jù lọ nínú ara, gba abẹ́ ìdí lọ sí ẹ̀yìn. Bí iṣẹ́ náà bá dé ibi tí okùn iṣan gbé pàdé ẹran, yóò tú oògùn ara kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní acetylcholine, iná kékeré yóò sáré gba ojú fọ́nrán ẹran kọjá, èròjà calcium yóò tú jáde nínú fọ́nrán náà, àwọn okùn wínníwínní inú rẹ̀ yóò sì máa wọ inú ara wọn, kí ẹran ó tó sún kì. Ní 1954 ni a kọ́kọ́ rí àlàyé pé wíwọ inú ara wọn yìí ni ìsúnkì ẹran, nígbà tí ẹgbẹ́ olùwádìí méjì gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan náà: Andrew Huxley wà nínú ọ̀kan, Hugh Huxley wà nínú èkejì, orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́, wọn kò sì bá ara wọn tan rárá.

Sẹ́ẹ̀lì kan nínú ọ̀pá ẹ̀yìn kì í pàṣẹ fún fọ́nrán kan ṣoṣo. Nínú ẹran tó tóbi tó ti itan, ọgọ́rọ̀ọ̀rún fọ́nrán ni ó ń bẹ lábẹ́ àṣẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ké, gbogbo fọ́nrán tirẹ̀ ni yóò dáhùn pátápátá, kò sí èyí tí yóò dákẹ́, kò sì sí èyí tí yóò dáhùn láàbọ̀. Ọgbọ́n tí ara wá ń fi díwọ̀n agbára ni pé kí ó pe sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ tàbí púpọ̀, kí wọ́n sì ké léraléra tàbí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá mọ bí àwọn baba wa ti ń bẹ ọ̀wẹ̀ yóò tètè lóye ètò náà. Bí iṣẹ́ oko bá kéré, bí kí a ṣa èso tó já sílẹ̀, àwọn ọmọ ilé ti tó o. Bí ó bá di ebè kíkọ, a ó ránṣẹ́ sí àwọn géńdé àdúgbò. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé igi ńlá ni a fẹ́ wó nínú igbó, ìgbà náà ni a ó tó lọ bẹ àwọn akọni tí wọn kì í jáde fún iṣẹ́ yẹpẹrẹ, tí wọ́n lágbára bí nǹkan mìíràn, tí ó sì tètè máa ń rẹ̀ wọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni itan ń ṣe. Elwood Henneman, onímọ̀ kan ní Yunifásítì Harvard, ló fi ẹsẹ̀ òfin yìí múlẹ̀ láàárín 1957 sí 1965 nínú ìwádìí tó ṣe lára ológbò: àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké, tí fọ́nrán wọn kì í tètè rẹ̀, ni ó ń kọ́kọ́ dìde, àwọn ńláńlá ni ó ń kẹ́yìn, wọn kì í sì í dìde bí ẹrù kò bá wúwo tàbí bí àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kò bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sára.

Ibí yìí ni mo ti ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé òun ń rìn dé ọjà lójoojúmọ́, nítorí náà itan òun kò lè rọ láéláé. Ìrìn dára fún ọkàn, ó dára fún ẹ̀mí, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni má rìn. Ṣùgbọ́n ìrìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn akọni inú itan, àwọn ọmọ ilé ni ó ń ṣe é tán. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà jí àwọn yòókù: kí á gbé ohun tó wúwo gan-an, tàbí kí á gbé ohun tó mọ níwọ̀n títí tí àwọn tó kọ́kọ́ jáde yóò fi rẹ̀, tí ọ̀ràn yóò fi kan àwọn tó sùn.

Ẹnìkan lè béèrè pé báwo ni àwọn onímọ̀ ṣe mọ èyí tó sùn àti èyí tó jí, nígbà tí awọ bò gbogbo wọn. Iná mànàmáná kékeré tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan ni ó ń tú wọn fó. Ní 1791, Luigi Galvani, ará Bologna ní Ítálì, tẹ ìwé jáde lórí bí ẹsẹ̀ àkèré tó ti kú ṣe ń ta pọ́n-ún nígbà tí iná bá kàn án. Ní àárín ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e, Emil du Bois-Reymond ní Berlin wá ọ̀nà láti wọn iná tí ń bẹ nínú ẹran ènìyàn alààyè, ìfẹ́ ìmọ̀ sì pọ̀ lọ́kàn rẹ̀ débi pé ó jẹ́ kí awọ apá òun fúnra rẹ̀ lé ròrò, tí ó sì bó o kúrò kí ó má baà dènà ohun tí ó ń wá. Lónìí, irin pẹlẹbẹ kékeré ni a ń lẹ̀ mọ́ itan, ẹ̀rọ yóò sì máa ka iná tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún fóltì nígbà púpọ̀. Wọn a kọ́kọ́ ní kí onítọ̀hún fi gbogbo agbára rẹ̀ ti ohun tí kò ṣeé sún, wọn a pe iye tí ẹ̀rọ bá kà ní ọgọ́rùn-ún, èyí tí ó bá kà lẹ́yìn náà nínú ìdárayá ni wọn a sì fi wé e. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ yìí kò lè ṣini lọ́nà o: ọ̀rá abẹ́ awọ a máa bo ohùn ẹran, ẹran tó wà nísàlẹ̀ bíi vastus intermedius kò sì rọrùn láti gbọ́ láti òkè. Ìkìlọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí àwọn olùtajà ẹ̀rọ ìdárayá fẹ́ràn láti máa fi iye tí ẹ̀rọ kà lé wa lọ́wọ́ bí ẹni pé agbára gan-an ni.

Ní ti àwọn ìdárayá fúnra wọn, ìlóṣòó ni baba. Bí a bá ń lọ sílẹ̀, ẹran iwájú itan ń gùn sí i bí ó ti ń di ara ró kí ó má baà ṣubú lulẹ̀ gbì. Bí a bá ń dìde, ó ń sún kì. Bí a bá ti ń lọ sílẹ̀ sí i, títí tí itan yóò fi tẹ́ ní ọgbọọgba pẹ̀lú ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ vastus mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń pọ̀ sí i, tí ẹran ìdí àti èyí tó tóbi jù lọ nínú àwọn tí ń fa itan kan mọ́ èkejì yóò sì dara pọ̀ mọ́ wọn láti na ìbàdí. Ẹni tó bá nàró bí ó ti ń lóṣòó, tí orúnkún rẹ̀ sì yọ síwájú, ń di ẹrù ru ẹran iwájú itan. Ẹni tó bá tẹ àyà síwájú tí ó sì ti ìdí sẹ́yìn, ìdí àti ẹ̀yìn itan ni ó ń di ẹrù rù. Nínú gbogbo èyí, rectus femoris kì í ṣe iṣẹ́ tó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ìdí rẹ̀ sì ni èyí tí mo ní kí a fi sọ́kàn: bí ó bá fa ara rẹ̀ dáadáa kí orúnkún lè nà, yóò tún máa fa ìbàdí kí ó ká, nígbà tó jẹ́ pé ìbàdí náà ni a ń gbìyànjú láti nà. Ara mọ èyí, ó sì ń fi í sílẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fi ìlóṣòó nìkan ṣe gbogbo ìdárayá ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò rí i tí àwọn vastus ń dàgbà, tí rectus femoris kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Ohun kan tún wà nínú ìdìde tó ya àwọn àgbà onímọ̀ lẹ́nu. Ní 1903, Warren Lombard ní Amẹ́ríkà kọ̀wé pé nígbà tí ènìyàn bá ń dìde lórí àga, ẹran iwájú itan tí ń na orúnkún àti ẹran ẹ̀yìn itan tí ń ká a ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí àwọn ọ̀tá méjì lè dìde sókè papọ̀. Àlàyé rẹ̀ ni pé ibi tí ẹran ẹ̀yìn dúró sí ní ìbàdí fún un ní agbára ju ti iwájú lọ, tí ti iwájú sì borí ti ẹ̀yìn ní orúnkún, nítorí náà kálukú ń ṣẹ́gun níbi tí ìṣẹ́gun rẹ̀ gbé wúlò, orúnkún ń nà, ìbàdí náà ń nà. Agbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé, pàápàá nínú itan.

Bí ó bá jẹ́ rectus femoris ni a ń wá, kí á jókòó sórí àga gíga, kí á so ìwúwo mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, kí á sì na ẹsẹ̀ síwájú títí yóò fi tọ́. Ìbàdí kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí yóò dí rectus femoris lọ́wọ́. Fún ẹ̀yìn itan, ẹ wo obìnrin tó ń fi ìgbálẹ̀ ọwọ́ gbá àgbàlá, tí ó tẹ̀ ba láti ìbàdí nígbà tí orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán: ẹran ẹ̀yìn itan ni ó ń dì í mú kí ó má dojú bolẹ̀, òun náà ni yóò sì fà á nàró nígbà tó bá parí. Àwọn géńdé inú ilé ìdárayá ń gbé irin lọ́nà kan náà. Ṣùgbọ́n apá kékeré kan wà nínú ẹran ẹ̀yìn tí kò dé ìbàdí rárá, tó jẹ́ pé egungun itan ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá tẹ̀ títí di ọ̀la, kò ní jí, àfi kí á ká orúnkún fúnra rẹ̀, kí á máa fa gìgísẹ̀ bọ̀ sí ìdí lójú ìwúwo.

Ti àtẹ̀gùn jẹ́ ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá ti gun Òkè Ìdànrè rí, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, yóò sọ fún yín pé gígùn ni ó ń gba èémí, ṣùgbọ́n bí ó bá jí ní ọjọ́ kejì tí itan ń ro ó tí kò sì lè jókòó dáadáa, sísọ̀ kalẹ̀ ni kí ó bá wí. Nígbà tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹran itan ń ṣiṣẹ́ bí ó ti ń gùn, ó sì lágbára ní ipò yẹn ju ìgbà tó bá ń sún kì lọ, nítorí náà fọ́nrán díẹ̀ ni ọpọlọ ń pè fún ẹrù kan náà. Ẹ̀rọ tí a lẹ̀ mọ́ itan yóò ka iye kékeré, bẹ́ẹ̀ ni àwọn díẹ̀ tó jáde ń ru ẹrù tó ju ti wọn lọ, tí ara wọn ń ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Kò sí ewu nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá fi díẹ̀díẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ náà ni eku ń jawọ.

Ọ̀rọ̀ kan tí àwọn olùkọ́ ìdárayá ti sọ di òwe ni pé vastus medialis nìkan ni ó ń parí nína orúnkún, pé ẹni tó bá fẹ́ jí i yẹ kí ó máa na ẹsẹ̀ ní ìwọ̀nba díẹ̀ tó gbẹ̀yìn. Láti 1968 ni James Lieb àti Jacquelin Perry ti dá ẹjọ́ náà, nígbà tí wọ́n fi ẹsẹ̀ tí a gé kúrò lára aláìsàn dán ẹran kọ̀ọ̀kan wò: wọ́n rí i pé kí orúnkún tó lè parí ìwọ̀n digírì 15 tó gbẹ̀yìn, agbára gbogbo ẹran iwájú ní láti fi ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, pé ìsàlẹ̀ vastus medialis kò lè dá na orúnkún, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni láti di ọmọrí orúnkún mú kí ó má yẹ̀ sóde. Síbẹ̀ ẹ̀kọ́ àtijọ́ náà ṣì ń rìn kiri.

Ogun ni ó kọ́ àwọn dókítà ní púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí orúnkún wọn tàbí egungun itan wọn ti fara pa kún ilé ìwòsàn, itan wọn rù hangogo, àṣà ìgbà náà sì ni kí wọ́n máa gbé ohun fúyẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Dókítà ọ̀dọ́ kan, Thomas DeLorme, tí òun fúnra rẹ̀ ti fi irin gbígbé gba ara rẹ̀ là lẹ́yìn àìsàn ìgbà èwe, wá ọ̀nà mìíràn ní ilé ìwòsàn Gardiner ní Chicago: ó ní kí wọ́n wọ bàtà irin sí ẹsẹ̀, kí wọ́n jókòó sórí tábìlì, kí wọ́n na orúnkún lójú ìwúwo tí wọn kò lè gbé ju ìgbà mẹ́wàá lọ, kí á sì máa fi kún un bí agbára ti ń pọ̀. Ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1945, láti ibẹ̀ ni àṣà gbígbé nǹkan ní ọ̀wọ́ mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, sì ti tàn kálẹ̀.

Ìdí tí itan àwọn ọmọ ogun náà fi tètè rù kì í ṣe ọ̀lẹ. Bí omi bá kún inú orúnkún tó wú, àwọn iṣan inú oríkèé a máa ránṣẹ́ sí ọ̀pá ẹ̀yìn, ọ̀pá ẹ̀yìn a sì dí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pàṣẹ fún iwájú itan lẹ́nu, bí kò tilẹ̀ sí ìrora. Àwọn olùwádìí ti fi omi sínú orúnkún tó dá ṣáṣá, wọ́n sì rí i pé itan rọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nítorí náà, aláìsàn tí físíò ń bẹ̀ pé kí ó tẹ orúnkún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, tí itan rẹ̀ kò sì mì, kò yẹ kí á bú u. Bí a bá rán ni níṣẹ́ tí ẹnu ọ̀nà wà ní títì, ibo ni ìránṣẹ́ yóò gbà? Wíwú náà ni kí á kọ́kọ́ mú wálẹ̀, nígbà mìíràn wọn a sì fi iná mànàmáná díẹ̀ ta itan láti òde kí ó má baà gbàgbé iṣẹ́.

Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù lọ pé ìpè ju títóbi lọ wá láti Boston. Ní 1990, Maria Fiatarone àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa àwọn arúgbó mẹ́wàá tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 90 ọdún ní ìpíndọ́gba, tí wọ́n ní kí wọ́n máa na orúnkún lójú ìwúwo tó tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n lè gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ẹni kan kò lè bá a dé òpin. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, agbára àwọn mẹ́sàn-án yòókù ti fi ìdá 174 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀, nígbà tí ẹran àárín itan wọn kò fi ju ìdá 9 lọ tóbi sí i. Méjì nínú wọn ju ọ̀pá ìtilẹ̀ sílẹ̀. Ibo ni agbára yẹn ti wá bí kì í bá ṣe pé àwọn tó ti sùn tipẹ́ tún jẹ́ ìpè? Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ìdárayá jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún tọmọdé tàgbà: ọ̀nà ìpè ni ó ń kọ́kọ́ là, ẹran kì í tètè dàgbà.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nílé kò nílò irin. Kí ó wá àga tó dúró gbọn-in ti ògiri, kí ó jókòó sí etí rẹ̀, kí ó fa ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn díẹ̀, kí ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, kí ó dìde, kí ó sì padà jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láìjẹ́ kí ara já lu àga. Bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá bá ti rọrùn fún un, kí ó so àpò ìrẹsì kékeré mọ́ àyà, tàbí kí ó wá àpótí tó kúrú ju àga lọ. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá wú, tàbí tí ó ń já mọ́ ọn lójijì bí ó ti ń rìn, kí ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹni tí tirẹ̀ bá ń ro díẹ̀ nínú ẹran itan ní ọjọ́ kejì, kí ó sinmi ọjọ́ kan, kí ó sì tún jókòó sórí àga rẹ̀.